Ọ̀rọ̀ Kan Tí Ajá Ẹ̀gbọ́n Gbọ́

Èmi ni mo kọ́ ajá náà ní híhu. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo kọ́ ọ o. Èyí tó kọ́kọ́ hu, inú ara rẹ̀ ló ti wá. Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo àdúgbò wá mọ̀ ọ́n mọ́, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí oòrùn bá ti ń wọ̀ lẹ́yìn ibi tí rélùwéè àtijọ́ ń dúró sí ní Ìdógò, ọwọ́ mi ló ti kọ́ ọ. Orí ẹja ni mo fi kọ́ ọ.

Ajá Ẹ̀gbọ́n ni. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tèmi nínú ilé tí a jọ háyà. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, òun náà ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà tí kò fi ní yẹ̀ nínú kòtò. Gàárì ló máa ń kó lọ sí ọjà òdìkejì bọ́dà, aṣọ ló sì máa ń kó bọ̀. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ dé ẹ̀bá bọ́dà, èmi náà ni mo máa ń lọ pàdé rẹ̀.

Ìgbà yẹn dùn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìró ọ̀kadà àwọn tó ń ti bọ́dà bọ̀ á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọdé á sì tú jáde síwájú ilé nítorí búrẹ́dì gígùn ti òdìkejì, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ le tí inú rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Wọ́n á kí Ẹ̀gbọ́n pé “bọ́ńsúà”, òun náà á ní, “Bọ́ńsúà, ẹ̀yin Faransé Ìdógò,” gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Á gé búrẹ́dì fún wọn, á wá mú odindi kan lọ sí ojú fèrèsé Màmá, ìyá àgbà tó ń gbé yàrá àárín pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Kò sí ìgbà tó dé tí kì í mú un lọ. Nígbà náà ajá á ti máa fò mọ́ ọn lẹ́yìn. Láti òdìkejì ló ti gbé ajá náà wá nígbà tó ṣì kéré, inú ẹ̀wù rẹ̀ ló kó o sí, orí nìkan ló yọ síta. Ajá pupa ni, ẹsẹ̀ iwájú kan funfun bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ kan tó gbàgbé èkejì.

Lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n lọ kẹ́yìn, ó ní òun á dé ní ọ̀túnla. Ó na okùn ajá sí mi.

“Àbúrò, bá mi wò ó. Jẹ́ kí n bá a bí mo ṣe fi í sílẹ̀.”

Mo ní kò sí wàhálà. Kí ọ̀túnla tó pé, ìjọba ti ti bọ́dà pa. A rò pé eré ni. A ní tó bá di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ wọ́n á ṣí i. Ènìyàn tó bá láyà lè gba inú igbó kọjá, ṣùgbọ́n ẹrù kò lè kọjá, Ẹ̀gbọ́n kò sì lè fi ẹrù tó ná gbogbo owó rẹ̀ lé lórí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó dúró tì í. Èmi náà jókòó sílé, nítorí kò sí ẹrù kankan tí mo fẹ́ gbé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí ìrọ̀lẹ́ ṣe dákẹ́. Kò sí ìró ọ̀kadà, kò sí ọmọdé níwájú ilé. Ajá jókòó sábẹ́ igi ọsàn níbi tí mo so ó mọ́, ó kọjú sí ọ̀nà, ó ń retí ìró tó mọ̀. Nígbà tí kò gbọ́ ọ, ó na ọrùn, ó gbé imú sókè, ó sì hu. Kì í ṣe gbígbó o. Ohùn kan ni, gígùn, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ tó tún ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti ẹ̀yìn odò. Mo ń jẹun lọ́wọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ju orí ẹja sí i. Ó gbé e jẹ, ó dákẹ́. Mo bá ara mi sọ pé mo ti rí oògùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó tètè bẹ̀rẹ̀ híhu díẹ̀ ju ti àná lọ. Mo tún ju ẹja. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, títí mo fi wá ṣàkíyèsí pé kò kọjú sí ọ̀nà mọ́ bó bá ń hu. Ilẹ̀kùn mi ló ń wò. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, mo ní ajá yìí gbọ́n. N kò mọ̀ pé èmi ni mo gọ̀.

Nígbà tó yá, kò sí iṣẹ́, kò sí ẹja mọ́. Ajá kò mọ èyí. Ó hu, ó wo ilẹ̀kùn, ó tún hu. Mo wá ń jáde sí i, mo ń jágbe mọ́ ọn pé kó dákẹ́. Bí mo bá ṣe ń pariwo tó ni tirẹ̀ náà ń ga sí i. Àwọn ajá tó kù ládùúgbò á bá a gbè é, àwọn aládùúgbò á sì máa bèèrè láti ojú fèrèsé wọn pé ta ni nínú èmi àti ajá ló ń hu.

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni Màmá. Bàbá, ọkọ rẹ̀, wà lórí ìdùbúlẹ̀. Apá kan àti ẹsẹ̀ kan ti rọ. Àárín ìgbà tí Màmá bá fẹ́ kí ìrun Mọ̀gàríbì ni ajá máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa ń sọ nípa ajá tó bá ń hu nílé tí aláìsàn wà. Wọ́n ní ó ti rí ohun tí ojú tiwa kò rí. Màmá kò pariwo lé mi lórí. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́tùlù àlùwàlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun kò rán mi ní iṣẹ́ ibi, ṣùgbọ́n ojú òun kò kan oorun mọ́. Ó ní àwọn ọmọ òun ń bọ̀ láti Ìlaròó lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí ajá náà bá ṣì ń hu, kí wọ́n bá òun mú un lọ, ibi tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n tà á sí.

Mo mọ ibi tí wọ́n ń ta ajá sí. Mo tún gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n létí mi pé kí òun bá a bí òun ṣe fi í sílẹ̀. Ohun tí mo wá ṣe nìyí: mo wá okùn tí mo fi ń di ẹrù, mo fi di ajá náà lẹ́nu.

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ilé parọ́rọ́. Mo sùn dáadáa, mo ń yin ara mi. Ilẹ̀ mọ́, n kò tú u, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé á gbẹ̀san ti àná. Oòrùn mú, mo jáde lọ. Nígbà tí mo padà dé, Màmá ni mo bá lábẹ́ igi ọsàn. Màmá tí kì í jẹ́ kí ajá fara kan etí aṣọ rẹ̀ nítorí ìrun, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Abọ́ omi wà níbẹ̀. Ajá ti fi imú rẹ̀ sínú omi, kò lè mu ún. Ó ti fi ẹsẹ̀ ha okùn náà títí ó fi wọnú ẹran, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ẹsẹ̀ funfun un nì.

“Tú u,” Màmá ní.

“Màmá, ṣé ẹ ní—”

“Mo ní kí o tú u. Kó máa hu. Èyí tó wà níwájú mi yìí ni mò ń rí, n kò tíì rí ikú.”

Mo tú u. N kò lè wo ojú rẹ̀, bóyá ojú ajá ni mò ń wí, bóyá ti Màmá. Kò mẹ́nu ba Jímọ̀ fún mi mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé àwọn ọmọ òun kò ní wá.

Ẹ̀gbọ́n pè kí Jímọ̀ tó dé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àgbègbè wa kì í dúró lójú kan, bí ti ìhín bá lọ, ti òdìkejì á wọlé, nítorí náà ìdákúrekú ni a fi ń sọ̀rọ̀. Ó bèèrè ajá. Mo sọ fún un pé ó ń hu, pé mo ń bá a wí kò gbọ́. N kò sọ nípa okùn.

“Kí lo máa ń sọ fún un?”

“Mo máa ń ní kó dákẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. “Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ‘dákẹ́’. Ẹni tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò sọ Yorùbá sí i rí, èmi náà ò yí i padà. Kuṣé ni kí o sọ. Gbé fóònù sí i létí.”

Mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, mo gbé e sún mọ́ ajá. Ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lu ilẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n tó sọ gbólóhùn kan tán. Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn: “Kuṣé. Kuṣé, kuṣé.” Ìyẹn ni pé dùbúlẹ̀ ní Faransé. Ajá ká ẹsẹ̀ mọ́ abẹ́, ó gbé orí lélẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò wá. Ó ní, “Ṣé gbogbo ìjà tí a ń jà láti ọjọ́ yìí, Faransé ni?” Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, tó tún ìró ró.

Ẹ̀gbọ́n tún kọ́ mi ní ìyókù díẹ̀díẹ̀, nígbàkigbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Ó ní dídá wà ló ń dun ajá náà, kì í ṣe àfojúdi. Ó ní tí mo bá ń jágbe mọ́ ọn, ó rò pé mò ń bá òun gbe orin ni. Kí n má fún un ní nǹkan kan láéláé nígbà tó bá ń hu. Kí n dúró kó dákẹ́ fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe ìgbà tó dúró láti mí lásán, kí n wá fún un nígbà náà. Àti pé kí n má so ó mọ́lẹ̀ ní àkókò tó máa ń retí òun. Nítorí náà, kí oòrùn tó wọ̀, èmi àti ajá á gba ojú irin rélùwéè lọ, níbi tí koríko ti bo gbogbo rẹ̀, a ó rìn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Tí a bá dé, màá ní kuṣé, á dùbúlẹ̀, màá fún un ní èbà. Nígbà àkọ́kọ́, ó tilẹ̀ hu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bíi pé ó ń wádìí mi wò bóyá mo ti gbàgbé ẹja. Mo di etí mi. Díẹ̀díẹ̀ ó dín kù, ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kúkúrú, bí ẹni tó rántí nǹkan tó sì gbé e kúrò lọ́kàn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, àwọn ọmọ Màmá dé bá ajá náà lójú oorun. Màmá ní kí wọ́n jẹun kí wọ́n máa lọ.

Ọ̀rọ̀ náà wá di tilé wa. Àwọn ọmọdé ń fi kuṣé lé ara wọn kiri. Bí Bàbá kò bá fẹ́ kí wọ́n fi òrí ra ẹsẹ̀ rẹ̀, Màmá á dúró lé e lórí, á ní, “Bàbá, kuṣé,” Bàbá á fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín, á sì sùn sílẹ̀. Bàbá kò kú. Ó wá ń fi ọ̀pá rìn dé abẹ́ igi ọsàn. Ìgbà ìṣòro ni wọ́n ń pe àkókò yẹn, àrùn kòrónà tún bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ìrọ̀lẹ́ abẹ́ igi ọsàn yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ajá láàárín wa, ilé láìsí ariwo.

Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, Ẹ̀gbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Ọ̀kadà ẹlòmíràn ló gùn wá. Ajá ń sùn. Ó gbé orí sókè, ó wò ó, kò sáré. Ibi tó wà ló ti na ọrùn tó sì hu, gígùn bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Omi bọ́ lójú Ẹ̀gbọ́n.

Màmá pariwo láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé, “Kuṣé, ìwọ àti olówó rẹ!”

A rẹ́rìn-ín gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n di ajá mú, ó ń fọwọ́ pa á lórí, ọwọ́ rẹ̀ wá dé imú. Irun kò hù níbẹ̀ mọ́, àpá okùn yí i po. Ó dáwọ́ dúró.

“Kí ló ṣe é níbí?”

Mo la ẹnu. Màmá ló dáhùn.

“Èmi ni mo ní kó dì í lẹ́nu. Ẹ̀rù ló bà mí nítorí Bàbá. Má bínú.”

Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó wò mí. Mo wolẹ̀. Ó ní, “Kò burú, Màmá,” ó sì wọlé.

Kò bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ọjà, búrẹ́dì gígùn kò dé ojú fèrèsé Màmá mọ́. Màmá kò sọ ọ́ rí. Bó bá gbọ́ ìró ọ̀kadà wa, á rọra fa fèrèsé rẹ̀ dé. Nígbà tó ṣe, ọmọ wọn obìnrin kó òun àti Bàbá lọ sí Ìlaròó.

Èmi ń gbé èrò lọ sí Ìlaròó báyìí, mo sì ń gba iwájú ilé wọn kọjá. Lọ́jọ́ kan mo ra búrẹ́dì gígùn, mo yà síbẹ̀. Mo ti to ohun tí mo fẹ́ sọ lójú ọ̀nà. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí imú, ó pa ojú dé díẹ̀.

“Bá mi kí Ẹ̀gbọ́n rẹ,” ó ní. “Sọ fún un pé mo rí búrẹ́dì rẹ̀ gbà, inú mi dùn pé ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ okùn yẹn.”

Mo ní màá sọ fún un. N kò tíì sọ fún un.