Ìwé Ilé Ìwòsàn Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Sun

Egungun ojúgun mi ló kọ́kọ́ dún. Ìrora tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló fi ẹ̀yìn gbá mi lọ́nà Akpakpa, ní Kútọnu, nígbà tí Faransé ṣì ń ṣàkóso. Egungun náà kán. Wọ́n fi ẹfun líle di ẹsẹ̀ mi, èyí tí wọ́n ń pè ní pilátírì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ náà gbóná, ó sì ń rùn. Dókítà ní kòkòrò àrùn ti wọ inú egungun, ó ń kó ọyún jọ. Wọ́n là á, wọ́n fọ̀ ọ́. Oṣù méjì ni mo fi dùbúlẹ̀. Ìyàwó mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń wẹ̀ mí, tó ń gbé oúnjẹ wá.

Ọjọ́ tí mo délé, ó kó báńdéèjì, ìgò oògùn àti gbogbo ìwé ilé ìwòsàn, ó sun wọ́n, kí àìsàn má bàa mọ̀nà ilé wa mọ́. Bí a ti ń ṣe nìyẹn. N kò dá a dúró.

Ṣùgbọ́n ọyún tún dé. Bí wọn kò bá tún ẹsẹ̀ náà là, wọn yóò gé e. N kò lówó rẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ bá agbẹjọ́rò kan, ó sọ pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ náà ló yẹ kó san án.

"Ìwé dà, Bàbá?"

"A ti sun ún."

Ó wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ìyá, owó àbúrò yín lẹ sun o."

"Àìsàn ni mo sun. Àbí kí n tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí fún ọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé. Ìnáwó tó ti lọ ni yóò kọ ṣáájú, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rí. Ìnáwó iṣẹ́ abẹ tó ń bọ̀ yóò tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìwé dókítà. Owó iṣẹ́ ẹni tó tọ́jú mi yóò wà lọ́tọ̀.

Ojú tì mí. Mo ní kó yọ ti ẹ̀gbọ́n mi.

"Kọ ọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣé iṣẹ́ náà fúyẹ́ ni?"

Mo fi ọ̀pá rìn lọ sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹrin, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí nọ́ọ̀sì fi da gbogbo àkọsílẹ̀ ìtọ́jú mi kọ láti inú ìwé ńlá wọn. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò san ti ilé ìwòsàn àti ti iṣẹ́ abẹ. Ti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹbí ni, wọn kò san án.

Wọ́n tún ẹsẹ̀ náà là. Ó kúrú díẹ̀ ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀. Mo gba ẹ̀dà ìwé agbẹjọ́rò náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀wé, mo bá ka ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti iye ọjọ́ tó fi tọ́jú mi sí fún un.

Ó ní kí n tún un kà.