Bí Bàbá Sálíù Ṣe Sìn Mí Dé Iwájú Ìjọ

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo fi wà lórí àpótí ìwé mi nídìíkọ̀ Àkúrẹ́. Ìjọ ti fún mi ní oṣù mẹ́ta kí n fi kàwé, kí n fi sinmi, kí agbára ẹ̀mí mi sì dọ̀tun. Owó oṣù mi kò ní dúró. Bàbá Ìjọ, olórí àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní bẹ́ẹ̀ làwọn òyìnbó ṣe ń ṣe fún pásítọ̀ tiwọn. Inú mi dùn ṣìnkìn. Ìyàwó mi, tó jẹ́ olùkọ́, kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà èmi nìkan ni mo lọ.

Ayétòrò-Gbẹdẹ, lápá Kábà, ni mo yàn, torí pé bí mo bá jókòó sílé, òkú sísin kò ní jẹ́ kí n ṣí ìwé. Láti Ìkàrẹ́, bọ́lẹ̀kájà gba ṣílè mẹ́rin lọ́wọ́ mi, ó sì fi eruku pupa ṣe ènì. Awakọ̀ wo kọ́là pásítọ̀ tó wà lọ́rùn mi, ó wo àpótí mi.

"Pásítọ̀, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ìsinmi ni mo ń lọ."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ló wí, kò sì bá mi ṣàwàdà mọ́ títí a fi dé.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Sálíù ni mo wọ̀ sí, mùsùlùmí tó ń ra kọfí lọ́wọ́ àgbẹ̀. Màmá Débórà ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìjọ wa. "Okun o!" ni wọ́n fi kí mi, bí àwa ṣe ń wí pé ẹ kú. Iyán wọn funfun, ẹran ìgbẹ́ sì kún inú ọbẹ̀. Wọ́n ń sá kọfí síwájú ilé bí àwa ṣe ń sá kòkó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bèèrè ife kan, wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ mu àgbo ẹlòmíràn. Títà ni wọ́n ń tà á.

Nílé wa, bí ènìyàn bá ń kàwé, a ó yẹra fún un. Níbẹ̀, ìwà ìkà ni kí wọ́n dá àlejò dá ìrònú. Bí mo bá ti ṣíwèé, ẹnìkan á wọlé, á jókòó tì mí, á máa mí kanlẹ̀. N kò ka ìwé kan tán.

Lọ́jọ́ kan Bàbá Sálíù bi mí pé, "Pásítọ̀, ìjọ ṣì ń sanwó fún yín?"

"Wọ́n ń san."

"Ẹ kì í sì í ṣiṣẹ́?"

"Rárá."

"Haba!" Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Tò, ó dáa. Kò tíì bàjẹ́ jù."

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó ní òun yóò sìn mí délé. Ó gbé àgbò kan sọ́kọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ tà á ni. A dé Ọ̀wọ̀ kó tó là á yé mi.

"Ẹ má bẹ̀rù. Èmi ni n ó sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ ṣe, a kò bi yín, a kò sì ní bi yín."

Kí ni pásítọ̀ tún ní lẹ́yìn orúkọ rere? Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ búra. Bàbá Sálíù ń mirí.

"Akọ̀wé owó orí kan wà nílùú wa. Owó pòórá lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé, owó oṣù ẹ̀ ò dúró, títí wọ́n fi wádìí tán. Bí ẹ ṣe ń wí yìí gẹ́lẹ́ lòun náà wí."

Kí n tó sọ àpótí kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àkúrẹ́, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Ìjọ.

"Ẹ foríjì í. Ó ronú gan-an lọ́dọ̀ wa. Inú ìwé ló máa ń sunkún sí."

"Bàbá, n kò ṣe nǹkan kan!" ni mo kígbe.

Bàbá Ìjọ wò mí. Ó wo arúgbó tó wà nílẹ̀, ó wo àgbò. "Pásítọ̀, ẹ dákẹ́. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún yín kò ní tẹ́ níwájú wa." Ó pe àwọn àgbà jọ sẹ́yìn pẹpẹ. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀, mo gbọ́ tí àwọn kan ń jiyàn. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí n má tíì gun àga ìwàásù títí ara ìjọ yóò fi tutù.

Ẹ̀yin ará ilé, ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi nìyí: ọjọ́ tí àgbàlagbà bá ti dọ̀bálẹ̀ nítorí rẹ, o ti jẹ̀bi. Wọ́n pa àgbò náà, èmi náà jẹ níbẹ̀, ó sì dùn.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán, ìyàwó mi pa ilẹ̀kùn dé, ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá Ọlá," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ó ku èmi pẹ̀lú yín. Kí lẹ ṣe gan-an?"