Ta Ló Ní Kí Wọ́n Kọlà fún Ọmọ Mi?

Òórùn omi ìgbín ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà bí mo ti ń ti ilé ìwé bọ̀, kí n tó gbọ́ ẹkún ọmọ. Olùkọ́ ni mí ní Òmù-Àrán nígbà náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló sì ń bá mi tọ́jú àkọ́bí mi, ọmọbìnrin tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé n kò fẹ́ ilà lójú rẹ̀. Mo bá a lórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ojú rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ àti èédú ti gbẹ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Olóòlà ti ṣe tirẹ̀, ó ti da omi ìgbín sójú ilà kó lè tu ọmọ lára, ó ti lọ.

"Ìyàwó, kú oríire," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí. "Ọmọ wa kì í ṣe òbòró mọ́. Bó bá sọnù lọ́jà Ṣàrẹ́, ta ni ò ní mọ ilé tó ti wá?"

Òbòró ni wọ́n ń pe ẹni tí kò kọlà. Èébú ni nígbà náà. Ọkọ mi ní kí n fọwọ́ wọ́nú, pé ọmọ ìdílé ni. Nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin àdúgbò fi ẹkún mi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ wo tíṣà! Òyìnbó ló fẹ́ bí!"

Òmùgọ̀ tó kàwé ni mí. Mo rò pé àlàyé, bí mo ti ń ṣe é níwájú pátákó, lè yí ìlú lọ́kàn padà. Nígbà tí mo bí èkejì, mo ń pọ̀n ọ́n lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́ títí ó fi rìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu mi ló yí ìlú padà. Àwọn ọmọ tó lọ kàwé ní Ìlọrin ni wọ́n fi ojú wọn ṣẹ̀fẹ̀, tí wọ́n sunkún délé. Àwọn ìyá wọn kò sọ nǹkan kan. Wọn kò kàn pe olóòlà mọ́. Kò sẹ́ni tó ṣèpàdé lé e lórí. Ọmọ olóòlà fúnra rẹ̀ di ọlọ́kadà.

Ní Kérésì tó kọjá, a jókòó níwájú ilé. Ọmọ ọmọ mi ń ya ìyá rẹ̀ ní fọ́tò, ó ní: "Mọ́mì, ta ló fi abẹ fa ojú yín báyìí?"

Kí n tó mí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ti di arúgbó, ká ọwọ́ lérí. "Ìkà gbáà ni! Mo bẹ ìyá àgbà rẹ yìí nígbà náà. Mo ní, ìyàwó, má jẹ́ kí abẹ kan ọmọ yìí. Kò gbọ́!"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ó mi orí: "Àwa ò tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ rí, jàre."

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bóyá n ó rí irọ́ níbẹ̀. Kò sí. Ó gba ara rẹ̀ gbọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Wọn kò sọ fún wa pé ẹni tó ṣu yóò padà wá bá ẹni tó kó o wí.

Ọmọ mi gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Ẹ fi Màmá sílẹ̀, Àǹtí. Ṣebí ẹ ti sọ fún mi láti kékeré pé àwọn ni wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́? Mo ti dáríjì wọ́n tipẹ́."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rántí ìgbà tó bí ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló gbà síṣẹ́ láti máa wẹ ọmọ jòjòló náà. Èmi ìyá rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ, omi gbígbóná nìkan ni mo ń gbé dé ẹnu ọ̀nà. Mo sì ń fi yangàn káàkiri àdúgbò pé ọ̀làjú ni.