Wọ́n Ti Àbúrò Mi Mọ́lé Torí Pé Ó Dọ̀bálẹ̀

Lọ́jọ́ tí mo mú ìyá wa láti Asti, ìlú tí à ń gbé ní Ítálì níbí, lọ kí àbúrò mi ọkùnrin lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, bó ṣe rí wọn báyìí ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ yàrá àlejò. Ìyá wa ò tíì wúre tán tí wọ́dà méjì fi já lù ú. Wọ́n ní ó fẹ́ gba nǹkan lábẹ́ tábìlì. Mo pariwo pé bí a ṣe ń kí ìyá nílé wa nìyẹn. Ta ló dá mi lóhùn? Wọ́n gbé e jù sí isolamento, yàrá àdádó tí kò ti lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ gbà mí o! Ìyà ẹni tó yọ ọ̀bẹ ni wọ́n fi jẹ ẹni tó kí ìyá ẹ̀, láìbi í léèrè ohunkóhun. Ẹ̀wọ̀n tí kóòtù dá fún un ò tó wọn ni?

Nígbà tí wọ́n tún jẹ́ ká rí i, ó dúró gbagidi, ó na ọwọ́ sí ìyá wa pé kí wọ́n bọ òun lọ́wọ́. Wọ́dà kan rẹ́rìn-ín sí mi: “Bravo! Ó ti ń gbọ́n.”

Ìyá wa wo ọwọ́ náà títí. Wọ́n wá bi mí pé, “Ọmọ ta rèé?”