Àwọ̀n Bàbá Ẹ̀gùn

Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní Ìbàfò ni mo ti ṣiṣẹ́, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù. Èmi ni wọ́n ní kí n máa wá ohun tí àwọn arúgbó yóò fi máa najú lọ́sàn-án. Orin ìyìn àti ayò ni mo mọ̀, òun náà ni mo sì ń kó lé wọn lórí. Àwọn tó jẹ́ Yorùbá ń gbádùn ara wọn ní tiwọn. Ìyá Íbò kan máa ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé wa, bí kò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Bàbá Ẹ̀gùn kan ní tirẹ̀ kì í wò wá rárá. Apẹja ni létí ọ̀sà Àgbádárìgì kí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa.

Mo ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n. Mo ra òwú àwọ̀n, mo gbé e fún un. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń hun ún, tó ń fi Ẹ̀gùn ka ojú àwọ̀n, ìyá Íbò á sì bá a di etí kan mú. Mo ń fi wọ́n yangàn fún àlejò. Kò wá sí mi lọ́kàn láti bi í pé kí ló ń lé e tó fi ń kánjú tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì tó hun ún tán, mo bá a lẹ́nu géètì láàárọ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti dé fìlà. Ó fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ ní kí n pe ọmọ òun kó wá gbé òun. Nílé àwọn, ẹni tó bá hun àwọ̀n tán, odò ló kàn. Nọ́ńbà tí ọmọ náà fi sílẹ̀ kò lọ mọ́ láti bí oṣù mẹ́rin, gbogbo àwa òṣìṣẹ́ la sì mọ̀. Mo purọ́ pé iṣẹ́ ló dí i lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni bàbá fi wo gbogbo ọkọ̀ tó yà wọlé láti títì márosẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin mo tún ra òwú, mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká hun òmíràn."

Ó wò mí títí. "O mọ̀ pé kò ní wá?"

Mo tẹjú mọ́ òwú ọwọ́ mi.

"O mọ̀, o wá ní kí n hun àwọ̀n."

Ojú tì mí, ó ṣì ń tì mí. Kò ṣàìsàn kankan lẹ́yìn ìyẹn, kò kàn jẹun dáadáa mọ́. Kí òjò ọdún náà tó dá, a sin ín sí Ìbàfò, kò sì sí ẹni kan láàárín wa tó gbọ́ Ẹ̀gùn débi tí yóò fi kí i pé ó dàárọ̀.