Ọkọ̀ Pupa Àlàájì àti Ọ́ìlì Tí Kì í Tó O

Bí ẹ bá dé ọjà Ipata láàárọ̀, tí ẹ rí bàbá onírùngbọ̀n funfun kan tó ń jáde nínú ọkọ̀ pupa pẹlẹbẹ, tó na ẹsẹ̀ kan síta, tó sinmi díẹ̀ kó tó na èkejì, Àlàájì Abdulkadir nìyẹn. Ẹ̀wà àti àgbàdo ló ń tà. Ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gùn, àmọ́ ọkọ̀ eré alága méjì ni tirẹ̀, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń já gbogbo èèyàn láyà lójú títì. Ọkọ̀ náà ti gbó, ọ̀dà orí rẹ̀ ti ń ṣí, síbẹ̀ bí Àlàájì bá ṣíná fún un, kò sẹ́ni tó tún lè sùn ládùúgbò wa.

Aládùúgbò rẹ̀ ni mí. Ògiri kan péré ló wà láàárín ilé wa, kò sì ga. Ìyá Ẹ̀bùnọlá ni wọ́n ń pè mí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mo sì máa ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí. Ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn.

Àlàájà Hajarat, ìyàwó rẹ̀, ló ń fi ọkọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Orogún ló ń pè é. Bí àlejò bá bèèrè Àlàájì, á ní, “Àlàájì ò sí, ó wà lọ́dọ̀ orogún mi, ó ń bá a nujú.”

Lọ́dún yìí ni orogún bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì. Àlàájì á rọ ọ́ìlì sí i, bó bá tún yẹ̀ ẹ́ wò, ọ́ìlì á ti lọ sílẹ̀. Èéfín aláwọ̀ búlúù á sì máa rú nídìí rẹ̀, débi pé aṣọ tí mo bá sá sórí okùn á máa rùn bí ilé mẹkáníìkì. Inú bí mi gan-an, mo sì sọ ọ́ lójú wọn.

Nígbà tí Abdulfattah, àkọ́bí wọn, ti Àbújá wá ṣe Iléyá, èéfín yẹn náà ló kí i káàbọ̀. Ó ní, “Bàbá, tó bá jẹ́ pé wọ́n máa bọ́ ẹ́ńjìnnì yìí sílẹ̀ láti tú u, ẹ jẹ́ ká tà á. Mo ti rí ẹni tó máa rà á. Màá ra ọkọ̀ alága méje fún yín.” Àlàájì ṣèlérí: tí mẹkáníìkì bá ní kí wọ́n bọ́ ẹ́ńjìnnì, òun á tà á. Gbogbo wa sì mọ̀ pé kì í yẹ àdéhùn. A wo ojú Àlàájà. “Ẹ tà á jàre,” ló sọ, ó sì wọ ilé ìdáná lọ.

Iṣẹ́olúwa ni mẹkáníìkì wọn, kì í sì í kánjú tú ohun olóhun. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, kò rí ibi tó ń jò. Ó yọ àwọn pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó wọn agbára ihò ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n dọ́gba. Ó ní àwọn ríìngì, òrùka irin tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè síbi tí iná ti ń jó, ṣì le dáadáa. Ló bá bèèrè pé, “Bàbá, níbo lẹ ti máa ń wo géèjì?” Géèjì ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fà yọ kí wọ́n lè mọ ibi tí ọ́ìlì dé.

“Níwájú mọ́ṣáláṣí,” ni Àlàájì dáhùn. “Bí mo bá ti páàkì ni mo máa ń wò ó. Àlùwàlá ló kàn, ọwọ́ mi á sì mọ́.”

Iṣẹ́olúwa tẹ̀ lé e lọ lásìkò ìrun alásàrí. Iwájú mọ́ṣáláṣí yẹn ga, ọkọ̀ á kọ imú sókè níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì ṣì gbóná. Díẹ̀ nínú ọ́ìlì kò tíì sọ̀ kalẹ̀, ìyókù sì ti wọ́ sẹ́yìn, ni géèjì bá ń purọ́. Iṣẹ́olúwa ní kí wọ́n ti ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó sì dúró títí wọ́n fi kírun tán. Nígbà tó wá fa géèjì yọ, ọ́ìlì ti ré kọjá àmì rẹ̀ jìnnà.

“Bàbá, ọkọ̀ yìí ò mu ọ́ìlì. Ẹ̀yin lẹ̀ ń rọ ọ́ yó. Èyí tó pọ̀ jù ló ń ráyè lọ jóná, tó ń di èéfín.”

Ó fa èyí tó pọ̀ jù kúrò, ó gba kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì tó wà nínú búùtù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má rọ nǹkan kan sí i títí òun á fi padà wá. Àlàájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Aṣọ mi náà gba ìsinmi.

Ìsinmi yẹn ò pẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èéfín tún dé. Iṣẹ́olúwa wá, ó fa géèjì yọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ọ́ìlì tún ti kọjá àmì.

“Wàlláhì, n ò fọwọ́ kàn án,” ni Àlàájì ń sọ.

Iṣẹ́olúwa gbóòórùn ọ́ìlì náà bóyá epo bẹntiróòlù dà mọ́ ọn. Rárá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá orí mú. “Bàbá, ọkọ̀ kì í bímọ ọ́ìlì. Àbí omi ló ń ráyè wọbẹ̀? Mi ò fẹ́ sọ ọ́ o, àmọ́ àfi ká bọ́ ẹ́ńjìnnì.”

Àlàájì ò jiyàn. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ń wá nọ́ńbà Abdulfattah. Àánú rẹ̀ ṣe mí, èmi tí mo ti ń ṣépè fún ọkọ̀ yẹn láti ọjọ́ yìí.

“Ẹ má pè é.”

Àlàájà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó gbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì kan dání. Ẹ̀yìn àpò èlùbọ́ ló ti gbé e jáde. “Èmi ni mò ń rọ ọ́. Ó ti pẹ́. Bí ẹ bá kírun àsùbáà tán, tí ẹ sùn padà, mo máa ń rọ díẹ̀. Mo rò pé bí ọ́ìlì bá ti ń kún, wọn ò ní rídìí bọ́ ẹ́ńjìnnì.”

“Ṣé ẹ ò gbọ́ nígbà tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má rọ nǹkan kan ni, Màmá?” ni Iṣẹ́olúwa bi í.

“Mo gbọ́. Mo rò pé o fẹ́ kó kú kóo lè ríṣẹ́ ṣe ni.”

Ara mi ò gbà á mọ́. “Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pè é lórogún! Ta ló ń jí bọ́ orogún láàárọ̀?”

Kò rẹ́rìn-ín. Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. “Àlàájì, látìgbà táwọn ọmọ ti lọ, tí ẹ bá wà nílé, fóònù àti àlejò ló ń gbà yín lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá gbé mi lọ gba atẹ́gùn ní GRA lọ́jọ́ Jímọ̀, ibẹ̀ nìkan lẹ ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Fattah fẹ́ ra alága méje. Àga méjì péré ló wà nínú èyí.”

Àlàájì gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Iṣẹ́olúwa. Nígbà tí wọ́n fa ọ́ìlì tó pọ̀ jù kúrò tán, Àlàájì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀ o, ọjà sì ń dúró dè é. “Mú máyàfí ìborí rẹ,” ló sọ fún Àlàájà.

Kí Àlàájì tó wọ ọkọ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí ògiri tó wà láàárín wa. Àwọn ará Ipata pè é títí. Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn pé, “Àlàájì ò sí, ó wà lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.”