Omi Tó Ń Padà Bọ̀ ní Akébé

Nínú ẹgbẹ́ àwa ẹnjinnía tó ń bójú tó ọ̀nà àti gọ́tà ní Libreville, èmi nìkan ni obìnrin. Ọdọọdún ni omi òjò ń ya wọ ilé àwọn ará àdúgbò Akébé. Ẹgbẹ́ wa sì ti fẹnu kò pé gọ́tà ibẹ̀ ló kéré, àfi ká wó ilé mélòó kan ká lè fẹ̀ ẹ́.

Mo lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ìyá àgbà kan, ará orílẹ̀-èdè Benin tó ń sọ Nàgó, ìyẹn èdè Yorùbá bíi tèmi, ń gbọ́n omi jáde nínú yàrá rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, omi yìí ò tòkè wá o. Ìsàlẹ̀ ló ti ń padà bọ̀."

Mo wọn ilẹ̀ náà dáadáa. Páìpù tó gba abẹ́ títì kọjá ga ju gọ́tà tó ń da omi sínú rẹ̀ lọ!

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí àti ọ̀rọ̀ ìyá náà nípàdé, alága wa rẹ́rìn-ín. "Madame, ṣé ìyá arúgbó ló wá ń kọ́ wa níṣẹ́?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbẹ́ títì wò."

A gbẹ́ ẹ, bí mo ṣe wí ló sì rí. A ri páìpù náà wọlẹ̀ sí i, a ò wó ilé kankan.

Nígbà tí òjò ńlá dé, omi ṣàn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo ń jó nínú òjò. Alága fúnra rẹ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, èmi ni mo ṣe ògbufọ̀.

Ìyá ní, "Sọ fún un kó wọlé wá jókòó. Ilẹ̀ gbẹ."